Wọn Kì Í Ṣe Èrò Ọkọ̀

Àìṣedéédéé kan wà nínú ìtàn eré-ìje alùpùpù ilẹ̀ Yúróòpù tí n kò lè gbé mì mọ́. Nínú ìdíje àwọn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní sáídíkà, ènìyàn méjì ní í jùmọ̀ fi ẹ̀mí wọn wéwu, ènìyàn méjì ní í jùmọ̀ borí, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń kọ sílẹ̀. Ìdíje àgbáyé fún ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949. Ẹ ṣí ọ̀pọ̀ ìwé tó to àwọn tó gba ipò kìn-ín-ní láti ọdún náà lẹ́sẹẹsẹ: ẹ óò rí ọdún, ẹ óò rí awakọ̀, ẹ óò sì rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ẹ̀rọ, Norton tàbí BMW. Irin rí àyè nínú àtẹ náà. Ẹlẹ́ran-ara tó dì mọ́ irin náà kò rí àyè. Èyí kọjá ìgbàgbé lásán. Ìrẹ́jẹ ni.

Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀rọ yìí ti ń rìn lè rò pé mo ń sọ àsọdùn. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì a máa dagun sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá dé kọ́nà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó ṣubú. Sáídíkà kò lè dagun, nítorí ẹsẹ̀ kẹta tí wọ́n so mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹsẹ̀ kẹta náà bá wà ní apá òsì, tí ọ̀nà sì yí sí òsì, ẹsẹ̀ náà yóò fẹ́ gbéra nílẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ yóò sì fẹ́ dojú dé. Ẹnì kejì ní láti na ara rẹ̀ síta pátápátá ní apá òsì, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá yí sí ọ̀tún, kí ó tó ṣẹ́jú, ó ti gbọ́dọ̀ fò padà, kí ó da àyà dé orí táyà ẹ̀yìn lẹ́yìn awakọ̀, kí táyà náà má baà yọ̀. Báyìí ni yóò ṣe ní gbogbo kọ́nà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, lórí pẹpẹ tóóró tí kò ní ju irin ìdìmú díẹ̀ lọ. Bí ó bá pẹ́ ju bí ó ti yẹ, àwọn méjèèjì ni yóò fara gbá a.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ tí à ń pe èrò ọkọ̀ pè. Ẹ gbọ́ mi o! Èrò ọkọ̀ a máa sanwó, a máa jókòó, a sì lè sùn títí ọkọ̀ yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bí èrò bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ kò ní ṣàì rìn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni à ń wí yìí? Àwọn ará Jámánì sàn díẹ̀, nítorí Beifahrer tí wọ́n ń pè é fi í sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Èmi ní tèmi, ajùmọ̀wakọ̀ ni n óò máa pè é, nítorí òun àti ẹni tó di ọwọ́ alùpùpù mú ni wọ́n jùmọ̀ ń wà á.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí. Wọn yóò ní Eric Oliver, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1949, 1950, 1951 àti 1953, àti pé kì í ṣe ẹnì kan náà ló bá a rìn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Denis Jenkinson ni ti ọdún 1949. Lorenzo Dobelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ti 1950 àti 1951. Stanley Dibben ni ti 1953. Wọn yóò wá bèèrè pé: bí àwọn wọ̀nyí bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí Oliver sì ń borí, ta ni akọni gan-an?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, kò sì yẹ kí á sá fún un. Oliver mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí àpẹẹrẹ yìí fi hàn ni pé ó lè pààrọ̀ ajùmọ̀wakọ̀. Kò fi hàn pé ó lè ṣe é láìsí ajùmọ̀wakọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Ìyá ìlù ni etí gbogbo ayé ń gbọ́, a sì lè pààrọ̀ ẹni tó ń lu omele. Ṣùgbọ́n bí omele bá dákẹ́, ta ni yóò jó? Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí á máa ka àpẹẹrẹ, Max Deubel gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, láti 1961 dé 1964, Emil Hörner kan náà ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ló dé tí orúkọ Hörner kò fi dún bí ti Deubel?

Ẹ jẹ́ kí á tún wo Jenkinson dáadáa, nítorí òun nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú àwọn ajùmọ̀wakọ̀ ìgbà náà. Ṣé agbára rẹ̀ ló ju ti àwọn yòókù lọ ni? Rárá. Akọ̀ròyìn ni. Ní ọdún 1955, ó jókòó ti Stirling Moss nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz, nínú eré-ìje Mille Miglia ní Ítálì. Ó ti kọ gbogbo kọ́nà ojú ọ̀nà sórí ìwé gígùn kan tó ká jọ. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ara wọn, ọwọ́ ni ó sì fi ń júwe ohun tó wà níwájú fún Moss. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì ni wọ́n sá ní wákàtí 10, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48, wọ́n sì borí. Nígbà tó délé, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn Motor Sport, títí di òní ni a sì ń kà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin: ajùmọ̀wakọ̀ tó ní kálàmù lọ́wọ́ ni ayé rántí. Àwọn tí kò ní kálàmù, àwọn tó ní i kò rántí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ikú ní tirẹ̀ kì í yọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Willi Faust àti Karl Remmert ló gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1955. Ní ọdún kan náà ni Remmert kú ní Hockenheim, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò. Helmut Fath àti Alfred Wohlgemuth ló gbà á ní 1960. Ní 1961, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Nürburgring, Wohlgemuth sì kú. Fath yè é, ó padà wá, ó sì tún gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1968 pẹ̀lú Wolfgang Kalauch, lórí ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ìtàn ìpadàbọ̀ yìí dùn létí, ó sì yẹ kí á máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sọ ikú Wohlgemuth di ìdènà kan lójú ọ̀nà Fath, bí ẹni pé ọkùnrin náà kò ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń tọ̀.

Ti Inge Stoll ló dùn mí jù. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ní ọdún 1954, nígbà tí ìdíje TT ti Erékùṣù Man gba sáídíkà padà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e tì láti 1925, òun ló wà ní ẹ̀gbẹ́ Jacques Drion ti ilẹ̀ Faransé. Oliver àti Les Nutt ló borí. Drion àti Stoll ṣe ipò karùn-ún. Stoll ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kópa nínú TT. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró sí. Wọn a ní obìnrin ni, wọn a ní òun ni àkọ́kọ́, wọn a sì sáré kọjá, bí ẹni pé jíjẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ tó ṣe ní ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún wa pé gbogbo kọ́nà òpópó Clypse, tí ìyípo kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 11, ni ó fi ara rẹ̀ wọ̀n! Ní oṣù kẹjọ ọdún 1958, ní Brno ní Czechoslovakia, òun àti Drion kú nínú ìjàǹbá kan náà. Ọgbọọgba ni wọ́n pín ikú. Èwo ni ti pé kí a má pín iyì lọ́gbọọgba?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ to orúkọ àwọn akọni wọ̀nyí, kí ó kọ méjì-méjì: Oliver àti Dobelli, Faust àti Remmert, Fath àti Wohlgemuth, Deubel àti Hörner. Bí àyè kò bá gbà á nínú àtẹ, kí ó yọ orúkọ ẹ̀rọ kúrò. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìwé tó bá wá ní ọwọ́ kan gbé e, irọ́ ni ìwé náà ń pa.