Kí A Tó Kọ Orúkọ Yunifásítì sí Fọ́ọ̀mù, Ẹ Jẹ́ Kí A Débẹ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí òbí àti olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọ̀rọ̀ yíyan yunifásítì, ìròyìn nìkan ni wọ́n fi ń ràn wá lọ síbi tí a ó ti lo ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ta kò ó.

Anthony ni mò ń gbé. Ẹni tó bá wọ dánfó ní ibùdókọ̀ wa, tó gba Ọbaníkòró, Onípàánù àti Fádèyí, yóò dé Yábàá, yóò sì rí ọkọ̀ lọ sí Akoka, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ọmọ SS3 ládùúgbò wa tí kò tíì wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Wọ́n ti kó wọn lọ wo Àgbádárìgì àti ọgbà ẹranko. Kí ló dé tí wọn kò kó wọn lọ síbi tí wọ́n ń lọ gan-an?

Àwọn kan ní: “JAMB kì í bi ọmọ bóyá ó ti débẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbà ọ́ ni kí o lọ.” Lóòótọ́, àyè kò kárí. Ìdí nìyẹn tí àṣàyàn àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ tẹ́tẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe Biology, Chemistry àti Physics pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá dé ẹ̀ka náà ní SS1 yóò gbọ́ èyí nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ìdánwò, ọdún kan ti lọ.

Àwọn mìíràn ní owó ọkọ̀ ti wọ́n. Mi ò ní kí ẹ kó wa lọ sí Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó wà nítòsí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò tí a fi ya fọ́tò létí ọ̀sà kì í ṣe ìbẹ̀wò. Ọjọ́ tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́ ni kí a lọ, kí olùkọ́ sì ti kọ̀wé ṣáájú. Kí a wo ilé-ìkàwé: ṣé àga wà, ṣé iná wà? Kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn: ẹ mélòó ló ń gbé yàrá kan? Ìgbà wo lẹ wọ lábù kẹ́yìn? Kí lẹ tún ń san yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́? Kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ méjì wéra. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kì í ra ilẹ̀ láì débẹ̀. Ẹ máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ń béèrè bóyá omi ń ya ibẹ̀. Ṣé ọdún mẹ́rin ayé ọmọ yín kò tó ilẹ̀ ni? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún un. Àwa ni a ó kọ orúkọ yunifásítì sí fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí ojú wa ti rí ohun tí ọwọ́ wa fẹ́ kọ.