Ẹ má so griddle yẹn dárẹ́ẹ̀tì mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ṣáwámà, bọ́gà tàbí ẹyin díndín, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ àtúnṣe bíi tèmi, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, àti èmi alára.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tún irinṣẹ́ ilé ìdáná ṣe n'Íbàdàn. Fíráyà, óòfùn búrẹ́dì, fíríìjì, mo ti tú gbogbo ẹ̀ rí. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé èwo nínú wọn ni ìyà ń jẹ jù, griddle oníná ni. Ẹ mọ̀ ọ́n: irin pẹlẹbẹ tó tẹ́ rẹrẹ, tí wọ́n ń yan ṣáwámà lórí ẹ̀, tó ní bọ́tìnnì rògòdò kan níwájú tí wọ́n fi ń yí ooru sókè sódò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Kí á yéé so thermostat dárẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ irin yẹn, ẹ́límẹ́ǹtì ló ń gbóná. Ẹ́límẹ́ǹtì ò ní làákàyè, bí iná bá ṣe ń wọlé sí i ló ṣe máa gbóná tó. Thermostat ló ń kó o níjàánu. Ó ní ọ̀pá kékeré kan bí ìka ọwọ́ tí wọ́n há mọ́ abẹ́ irin, oje kan wà nínú ẹ̀, páìpù tín-ín-rín bí okùn ló sì so ó mọ́ bọ́tìnnì tó wà níwájú. Tí irin bá gbóná, oje yẹn á wú, á ti ẹnu swíìṣì, iná á já. Tó bá tutù díẹ̀, oje á sún kì, iná á padà wọlé. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù kékeré tó wà níwájú fi máa ń kú tó sì ń tàn. Ẹ dákun, kò bàjẹ́ o! Wọ́n ti pè mí láti Agbowó dé Mọ́níyà tórí pé "gílóòbù ẹ̀ ń kú fúnra ẹ̀." Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Tí thermostat bá wá bàjẹ́ lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnu swíìṣì ti jóná, irin ò sì ní gbóná rárá. Ó sì lè jẹ́ pé páìpù tín-ín-rín yẹn já, oje ti dànù, kò wá sí nǹkan tó máa ti swíìṣì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìgbóná ò ní dúró mọ́. Èyí tó burú nìyẹn.

Dárẹ́ẹ̀tì ni kí o yọ wáyà méjèèjì tó wà lára thermostat, kí o lọ́ wọn pọ̀, kí o fi téèpù dúdú wé e. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Griddle á gbóná, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún ẹ ní ₦5,000, o ti lọ.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo ti ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, lọ́dún tó kọjá. Àǹtí kan tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ pè mí nírọ̀lẹ́. "Injíníà, gbà mí o, àwọn oníbàárà ti tò síta." Nígbà tí mo dé'bẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, thermostat ti kú. Àwọn tó ń ta á ti pa ìsọ̀. Mo ní ó di ọjọ́ Ajé. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé kò sí bó o ṣe lè ṣe é tá á ṣì máa bá wa ṣiṣẹ́ ná?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn náà mọ̀ pé mo mọ̀.

Ni mo bá so ó. Mo ní, "Àǹtí, tó bá ti gbóná jù, ẹ máa pa á lára ògiri o. Màá mú tuntun wá lọ́jọ́ Ajé." Nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, mo pè wọ́n, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ni wọ́n fẹ́ máa náwó sí? Èmi náà ti rí iṣẹ́ mìíràn. Mo gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irin yẹn kì í dá dúró. Ó tàn án láàárọ̀, ó bọ́ síta lọ gé kábéèjì. Nígbà tó padà wọlé, ó da òróró sí i bó ṣe máa ń dà á. Òróró tiwa yìí, tó bá ti tó nǹkan bíi 230°C, á ti máa rú èéfín. Èyí ti kọjá èéfín. Ó gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ẹnì kejì ẹ̀ bu omi lù ú. Omi lórí òróró tó ń jó, lórí irin tí iná NEPA wà nínú ẹ̀! Iná yẹn fò dé àjà. Aládùúgbò kan ló sáré lọ pa á níbi mítà, tó sì fi tíréè ńlá bò ó.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó sì gbádùn. Àpá yẹn ò lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ìwọ, ṣé iná tiẹ̀ ń tó tí irin á fi gbóná jù?" Òótọ́ ni, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó. Griddle tí wọ́n kọ 3,000 watt sí lára ní 220 volt, tí iná bá já sí 160 volt, ohun tó máa mú jáde ò ju nǹkan bíi 1,590 watt lọ. Iná ò dín ju bí ìdá mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Àǹtí á ní griddle ti bàjẹ́. Oníṣẹ́ iná tí ò gbé mítà dání á gbà pé òótọ́ ni, á tú thermostat tó dáa, á so ó dárẹ́ẹ̀tì. Kò ní gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tórí thermostat kọ́ ló dí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mú iná gidi wá ńkọ́?

Torí náà, kí o tó tú nọ́ọ̀tù kankan, wọn iná ara ògiri nígbà tí griddle wà lórí iṣẹ́. Má wọ̀n ọ́n lófìfo, torí ògiri lè fi 220 hàn ẹ́, kó sì já sí 160 tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, pàápàá tí wáyà bá tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́ kúrò lára iná, kí o wọn ẹ́límẹ́ǹtì. Ti 3,000 watt yẹ kó fún ẹ ní nǹkan bíi 16 ohm. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan, ẹ́límẹ́ǹtì ti já. Tó bá pé, wá kọjá sórí thermostat. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni a ò fẹ́ lò.

Púlọ́ọ̀gì náà ńkọ́? 3,000 watt ń fa ampere 13.6. Púlọ́ọ̀gì tá à ń lò, 13 ni wọ́n kọ sí i. Ẹ wá máa bi mí pé kí ló dé tó fi ń di bíráùn tó ń rùn. Griddle ńlá tó ní ojú méjì, tó jẹ́ 4,400 watt, ń fa 20, mo sì ti bá a lórí extension tí wọ́n tún fi ń ṣájì fóònù. Ẹ fún un ní wáyà tiẹ̀, 4mm, láti ibi breaker wá.

Mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ earth púpọ̀ torí inú á bí mi. Wọ́n á gé wáyà kẹta kúrò kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọ̀ ọ́. Ara griddle á wá máa gbé èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ á figbe ta, wọ́n á ní kó lọ wọ sílípáàsì. Ṣé sílípáàsì ni earth?

Omi tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da omi tútù lé irin gbígbóná lálaalẹ́, tó ń ṣe "ṣàààà", tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́, ẹ ń wọ́ ọ ni. Irin tó bá wọ́ ò ní fara kan ẹ́límẹ́ǹtì dáadáa mọ́. Ooru ò ní ríbi gbà, ẹ́límẹ́ǹtì á jó ara ẹ̀ pa. Omi á tún gba ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì wọnú swíìṣì. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ di lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi irin pẹlẹbẹ ha á, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì fi òróró bíńtín ra á lára. Ẹ da ọ̀rá inú dúrọ́ọ̀ nù. Ó parí.

Wọ́n á ní owó ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A sókè, ₦225 ni yúníìtì kan. Griddle 3,000 watt tí ò sinmi rí ń jẹ yúníìtì mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ₦675 nìyẹn. Tí thermostat bá ń pa á fún ìdajì wákàtí, ó di nǹkan bíi ₦337. Thermostat tí mo rà kẹ́yìn, ₦12,000. Tí ẹ bá ń dáná wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, owó ẹ̀ ti padà wá lọ́jọ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́wó ná, dárẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ yín lówó.

Àmọ́ mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru oníbàárà. Àwa náà kì í gbowó àyẹ̀wò. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún wa, ara wa á sì yá láti ṣe èyí tó yá jù. Mo ti yí i padà lọ́dọ̀ tèmi. Mò ń gba owó àyẹ̀wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn kan bínú lọ, àwọn kan dúró. Thermostat méjì wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo, torí kí n má tún ní àwáwí ọjọ́ Ẹtì mọ́. Tí oníbàárà bá kọ̀ tí ò rà á, mo máa ń gé púlọ́ọ̀gì kúrò níṣojú wọn ni, kí n tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti bú mi bàbá bú mi ìyá nítorí ẹ̀. Kò sí wàhálà.

Ọmọbìnrin yẹn ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn báyìí. Mo lọ tún fíráyà ṣe níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ó fi ọwọ́ tó ní àpá yẹn gbé omi tútù fún mi. "Ẹ kú iṣẹ́, Injíníà." Kò mọ̀ pé èmi ni. Mo mu omi náà, mo dúpẹ́, mo tún fíráyà, mo sì bá tèmi lọ.

Ọ̀la ni mo fẹ́ padà lọ síbẹ̀.