Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Bí a bá ti pa òwe yìí, ìrànlọ́wọ́ lọkàn wa máa ń sáré lọ bá: ṣe fún mi kí n ṣe fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Òwe náà kò ní kí wọ́n fa ọwọ́ ọmọdé gùn, kò sì ní kí àgbàlagbà sọ tirẹ̀ di kékeré. Ó fi oníkálukú sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí yóò so iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè J ti máa ń pẹ́.

Èdè kọ̀ǹpútà ni J. Kenneth Iverson àti Roger Hui ló gbé e jáde ní 1990, láti inú ìdílé APL, níbi tí odidi ọ̀wọ́ nọ́ńbà ti ń gba iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká mú máàkì ọmọ iléèwé kan: 4 8 6. Àmì +/ á rò wọ́n pọ̀, á ní 18, ṣùgbọ́n kò mọ iye tí wọ́n jẹ́. Àmì # á kà wọ́n, á ní 3, kò sì mọ àròpọ̀ wọn. Ìpíndọ́gba tí à ń wá ga ju ọwọ́ àwọn méjèèjì lọ. Nítorí náà la ṣe kọ ọ́ báyìí:

ipindogba =: +/ % #

Fork ni wọ́n ń pe ètò oníṣẹ́ mẹ́ta yìí. +/ gba 4 8 6, # náà gba 4 8 6 kan náà. % tó wà láàárín, àmì ìpín, kò fojú kan máàkì kankan. 18 àti 3 ni wọ́n gbé wá bá a, ó pín in, ó di 6.

Àkámọ́ ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. (+/ % #) 4 8 6 á dáhùn 6. Ẹ yọ àkámọ́ náà, 0.333333 lẹ máa rí, ẹ̀rọ kò sì ṣìṣe. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni J ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀: # kà wọ́n, ó ní 3, % tí kò rí nọ́ńbà kankan lósì rẹ̀ pín 1 sí ọ̀nà 3, +/ rí nọ́ńbà kan péré, kò sì sí ohun tí yóò rò mọ́ ọn.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tó yẹ kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lóòótọ́, @: la sì fi ń so wọ́n. *: máa ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀. Nítorí náà +/@:*: lórí máàkì wa jẹ́ 116, *:@:(+/) sì jẹ́ 324. Ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń to àmì jọ títí ìlà kan á fi di àlọ́. Ẹ fún èyí tó bá ti pé lórúkọ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ mọ bí máàkì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba, (- ipindogba) 4 8 6 ti tó: _2 2 0 ni yóò dá padà, àmì _ yẹn ni J fi ń kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. A kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ipindogba.