Gbogbo ikọ́ aboyún kọ́ ni oyún fà

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti ṣe aboyún, oyún ló fà á. Ẹsẹ̀ wú, oyún ni. Kò rí oorun sùn, oyún ni. Ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, wọ́n ní ọmọ ló ń tì í láyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni o. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀, torí ikọ́, àárẹ̀ àti èémí tí kò délẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò dẹ́rù bà yín. Kò wọ́pọ̀ rárá kí aboyún ní in. Ṣùgbọ́n torí pé kò wọ́pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í rò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sì fi máa rí i, á ti ràn dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé "kì í kúkú mu sìgá". Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin tó ní in ni ò fẹnu kan sìgá rí.

Ní Nàìjíríà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí àyẹ̀wò bá ní kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ikọ́ ò sì lọ, kí ló kàn? X-ray àyà ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti máa dìde: "Kí wọ́n má ba ọmọ jẹ́!" Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan gan-an á ní kó lọ bímọ ná.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ìtànṣán tó ń dé ara ọmọ inú látinú X-ray àyà kan kò ju 0.01 mGy lọ. Ti CT scan àyà kò tó 1. Wọn ò tíì rí i pé ohun tó wà lábẹ́ 50 ń sọ ọmọ di alábùkù. Ó ṣe tán, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ àti ojú ọ̀run pàápàá ń fún ọmọ inú ní ìtànṣán láàárín oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ó sì ju ti X-ray kan lọ fíìfíì. Kí wá ni ẹ̀rù X-ray, jàre?

Wọ́n tún lè gé ẹran ara díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí oyún ṣì wà nínú.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kì í fún un ní chemo, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oògùn bíi carboplatin àti paclitaxel ṣeé lò, wọ́n á sì dáwọ́ dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bímọ, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ lè padà bọ̀ sípò. Fífi ìtànṣán jó àyà, ìyẹn sábà máa ń dúró di ẹ̀yìn ìbímọ. Bí ọmọ bá sì dé, wọ́n á yẹ ibi ọmọ wò, torí jẹjẹrẹ máa ń dé ibẹ̀ nígbà míì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "ọmọ la kọ́kọ́ ń rò." Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ inú kì í fi imú ara rẹ̀ mí. Látinú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni afẹ́fẹ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ̀dọ̀fóró ìyá bá ń kú lọ, ta lẹ ń tọ́jú?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ọkọ á sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ á sọ̀rọ̀, pásítọ̀ á sọ̀rọ̀, wọn ò ní bi obìnrin náà léèrè ohun tí òun fẹ́. Nígbà tí oyún bá ṣì kéré, àtidúró di oṣù kẹrin kí chemo tó bẹ̀rẹ̀ lè ná an lẹ́mìí. Òun ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ là á yé, ní èdè tó gbọ́.

Tí ikọ́ aboyún yín bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn ńlá. Tí wọ́n bá ní kó lọ bímọ ná, ẹ bi wọ́n pé: "Kí ló dé tí ẹ ò fi lè ya àyà rẹ̀ lónìí?"