Ọmọ tára ń yún tọ̀sán-tòru: ẹ tọ́jú awọ ara rẹ̀, ẹ má febi pa á

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tẹ́ ẹ̀ ń bá wa wo ọmọ nílé, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹ̀yin náà gan-an, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnu ìyá àgbà ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tọ́mọ yóò jẹ àti ohun tí kò ní í jẹ.

Àìsàn awọ ara tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Ara ọmọ á gbẹ, á le, á sì máa yún un débi pé kò ní í rí oorun sùn, ìyá rẹ̀ náà kò sì ní í sùn. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sábà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tọ́mọ bá dàgbà díẹ̀, á bọ́ sí kọ́lọ́fín apá, ẹ̀yìn orúnkún àti ọrùn. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, ara pupa lẹ máa rí. Ẹ má retí pupa lára ọmọ tiwa. Tiwa máa ń dúdú sí i, tàbí kó rí bí eérú, tàbí kó sú wínníwínní.

Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń pè é ní làpálàpá tàbí kúrúnà. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Làpálàpá máa ń ràn. Kúrúnà náà máa ń ràn, tó bá wọlé, kò ní í pẹ́ tí ara gbogbo ará ilé á fi máa yún wọn. Ẹ́kísímà kì í ràn rárá. Ẹ má ya abọ́ ọmọ náà sọ́tọ̀, ẹ sì sọ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ní Máfólúkù tàbí Ìlasamájà pé kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ wọn bá a ṣeré.

Kí ló ń fà á? Awọ ara dà bí ògiri ilé. Ògiri tirẹ̀ ni símẹ́ǹtì rẹ̀ kò pọ̀ tó. Omi ara ń jò jáde, eruku, ọṣẹ àti kòkòrò àìfojúrí sì ń ráyè wọlé. Ó sábà máa ń wà nínú ìdílé tí wọ́n bá ti ní ásímà tàbí ọ̀fìnkìn tí kì í lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ dọ̀tí, kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ jẹ ohun tí kò yẹ nígbà tó wà nínú oyún. Ẹ yé fi bú ìyàwó.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí

Tí ìyọnu náà bá pọ̀, oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹnì kan á ní ẹyin ni, wọ́n á yọ ẹyin. Aládùúgbò á ní ẹja ni, wọ́n á yọ ẹja. Ìyá ọkọ á ní ẹ̀wà ni, wọ́n á yọ ẹ̀wà. Kò ní í pẹ́ tó fi máa ku ògì àti ṣúgà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dé ọsibítù pẹ̀lú irun tó ti pọ́n àti ẹsẹ̀ tó ti wú, tára sì ń yún un síbẹ̀. Àìsàn kan ló ní tẹ́lẹ̀, àìjẹunre-kánú ti sọ ọ́ di méjì.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ wà tí ara àwọn ọmọ kan kọ̀, pàápàá àwọn tí ẹ́kísímà tiwọn le. Ẹyin, mílíìkì, ẹ̀pà, ẹja àti edé wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ara kọ̀ kì í fi bò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì tọ́mọ jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á lé bí ẹni tó fara kan wèrèpè, ètè tàbí ojú rẹ̀ á wú, tàbí kó máa bì. Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ dá oúnjẹ yẹn nìkan dúró, kẹ́ ẹ gbọ́mọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tọ́mọ bá ti ń jẹ nǹkan láti ọjọ́ yìí tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀, ẹ má yọ ọ́ láìbéèrè. Oúnjẹ tí wọ́n yọ fún ìgbà pípẹ́ lè wá di ohun tí ara kọ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a padà.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde ìwádìí lórí ẹ̀pà jáde. Ọmọ ọwọ́ 640 ló kópa níbẹ̀, láti ọmọ oṣù 4 sí 11, àwọn tí ẹ́kísímà wọn le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò. Wọ́n wá ń fún àwọn kan ní oúnjẹ tó ní ẹ̀pà déédéé, wọn kò sì fún àwọn tó kù rárá. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 5, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò jẹ ẹ́, bíi 17 ni ara wọn ti kọ ẹ̀pà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ ẹ́, bíi 3 péré ni. Ká má fún ọmọ jẹ kò gbà á sílẹ̀, òun gan-an ló ń kó o sí ìjàngbọ̀n. Àmọ́ tí ẹ́kísímà ọmọ yín bá le, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i kẹ́ ẹ tó fún un ní ẹ̀pà àkọ́kọ́. Lílọ̀ kúnná, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ ògì, ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní odindi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí awọ ara

Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ jù kànìnkànìn sílẹ̀, ẹ má da apakòkòrò sómi ìwẹ̀ rẹ̀. Ọṣẹ dúdú wa dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n eérú tó wà nínú rẹ̀ ti le jù fún ara báyìí. Ẹ fi táwẹ́lì tẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún gbàrà-gbàrà. Kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀, ẹ fi Vaseline tàbí ojúlówó òrí tí kò ní lọ́fínńdà pa gbogbo ara rẹ̀. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kódà lọ́jọ́ tára bá dán. Ẹ má ṣahun. Nǹkan bíi gíráàmù 250 ló yẹ kí ọmọdé lò tán lọ́sẹ̀ kan. Òróró ólífì tí ọ̀pọ̀ ń rà kò dára fún un, ó máa ń mú ògiri ara rọ̀ ni. Ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má sì kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀.

Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú. Aṣọ òwú fífẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún un, torí òógùn máa ń dá kún yíyún náà. Aṣọ tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà Aswani, ẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá gba títì Òṣòdì kan, ẹ fi kún ìpara. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lóru kan kóun náà sùn.

Kírìímù ọjà ńkọ́?

Àwọn kan máa ń po kírìímù tà, wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Lóòótọ́, ara lè dán lọ́jọ́ mẹ́ta, torí oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó le ni ọ̀pọ̀ wọn ń pò mọ́ ọn láìsọ fún yín. Tó bá pẹ́ lára ọmọdé, awọ á fẹ́lẹ́, ó sì lè dí ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ńbà NAFDAC lára agolo kì í ṣe àṣẹ pé kẹ́ ẹ fi pa ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má tìtorí èyí ju kírìímù tí dókítà kọ nù. Sítẹ́rọ́ìdì wà nínú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n dókítà mọ bó ṣe le tó, ó sì mọ iye ọjọ́ tó yẹ. Èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sórí ìka ìfábẹ̀lá yín, láti ṣóńṣó dé oríkèé àkọ́kọ́, tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì. Àpá dúdú tàbí funfun tó bá kù lẹ́yìn náà á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má wá kírìímù tí ń bóra fún un.

Ìgbà wo lẹ gbọ́dọ̀ sáré?

Tí ara bá ń ṣomi, tó ń yọ èèpá pupa rẹ́súrẹ́sú, tọ́mọ sì ní ibà, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Tí ìléròrò kéékèèké bá ṣù jọ sójú kan, tí wọ́n ń dun ọmọ tàbí tí wọ́n ń luhò, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru. Àgbàlagbà tí egbò ibà bá yọ sí létè kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko irú ọmọ yìí lẹ́nu.

Tọ́mọ bá jẹun tán tí ètè rẹ̀ wú, tí ohùn rẹ̀ há, tí kò lè mí dáadáa tàbí tó ń dákú lọ, ẹ má rọ ọ́ ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má dúró lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló nílò, ọsibítù ló sì wà.

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín tàbí Ọsibítù Ìjọba Ìsọlọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Tó bá le ju tiwọn lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ kó gbogbo agolo àti àgbo tẹ́ ẹ ti lò dání. A ò ní í bú yín, a kàn fẹ́ mọ ohun tó ti kan ara ọmọ ni.

Kò sí oògùn tó ń wo ẹ́kísímà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń fúyẹ́ lára wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Kó tó dìgbà yẹn, ìpara lójoojúmọ́ àti oúnjẹ aṣaralóore ni kẹ́ ẹ dì mú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o.