Ọ̀rọ̀ Tiwa: Ayùn Kékeré Inú Àpò Ọdẹ

  

Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ wa ni a mú wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kí ìyàwó ọdẹ àti ọmọ ọdẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wa: ṣé ó yẹ kí ọdẹ mú ayùn lọ sí igbó? Àwọn bàbá kan ní kò yẹ. Wọ́n ní àdá ni bàbá àwọn mú lọ, ayùn sì jẹ́ ohun èlò kafíńtà. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń ra ayùn tó ń ká pọ̀ bí ọ̀bẹ, wọ́n ń jù ú sínú àpò. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí ayùn kékeré wà nínú àpò ọdẹ. Kì í ṣe pé kí ó lé àdá jáde. Kí ó kàn gba àwọn iṣẹ́ kan tó léwu kúrò lọ́wọ́ àdá ni.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní ilé, bí ọdẹ bá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò gbé e. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò rí i, ẹgbẹ́ ọdẹ yóò tan iná wá a. Níhìn-ín, a kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà igbó sì jìn sí ilé ìwòsàn. Bàbá tó bá fi oṣù méjì dùbúlẹ̀ nítorí ojú àdá, owó ilé ìwé ọmọ ló dúró, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń dá ẹrù ilé gbé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọdẹ ni oko rẹ̀. Ohun tó bá lè pa á mọ́ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ méjèèjì. Àdá dára fún koríko, fún ìtàkùn, àti fún ẹ̀ka tó rọ̀. Ṣùgbọ́n igi ọ̀dàn ilẹ̀ Òkè Ọya ńlé, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí àdá bá bá igi gbígbẹ, ó lè ta dànù, kí ó sì wá orúnkún. Ọdẹ tó ń ṣe pẹpẹ orí igi láti ṣọ́ ẹran lóru kò ní àyè láti fi apá ju àdá. Ọwọ́ kan ló fi di igi mú. Ayùn kì í fò. Ibi tí a gbé e lé ló ń jẹ. Ariwo rẹ̀ náà kò pọ̀. Bí a bá fi àdá gé igi, gbogbo ìgalà agbègbè náà ti gbọ́ pé àlejò dé.

Ní ti yíyàn, gígùn ni kí a kọ́kọ́ wò. Igi tí ọdẹ ń gé kì í sábà ju ọrùn ọwọ́ lọ: igi pẹpẹ, igi àgọ́, igi ìdáná, ẹ̀ka tó dí ọ̀nà. Ìwọ̀n tó dára ni pé kí irin ayùn gùn tó ìlọ́po méjì ìpọn igi náà, kí ó lè ní àyè láti lọ kí ó sì bọ̀. Igi tó nípọn íńṣì 3 ń fẹ́ irin íńṣì 6, ó kéré tán. Nítorí náà, ayùn íńṣì 7 sí 9 tó fún ọdẹ. Àwa tí iṣẹ́ wa ní rélùwéè jẹ́ kíkọ ìwọ̀n ẹrù sínú ìwé mọ̀ pé ẹrù kéékèèké ló ń di ẹrù ńlá. Ìbọn wà níbẹ̀, ọta wà níbẹ̀, omi, tọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ àti àdá, kí a tó wá gbé ẹran lé e. Ayùn ilẹ̀ Sweden kan tí wọ́n ń pè ní Bahco Laplander, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ àti arìnrìn-àjò inú igbó mọ̀, ní irin sẹ̀ǹtímítà 19, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 200. Ìyẹn kò tó omi ìgò kékeré.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo eyín. Púpọ̀ nínú ayùn ni eyín wọn tẹ̀: ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì. Èyí ló ń jẹ́ kí ojú ibi tí ayùn gé fẹ̀ ju irin rẹ̀ lọ, kí igi má bàa há a mọ́. Igi tútù ń fẹ́ eyín ńlá tó jìnnà síra, nítorí oje àti ìyẹ̀fun igi tútù máa ń dí eyín wẹ́wẹ́. Igi gbígbẹ àti egungun ń fẹ́ eyín wẹ́wẹ́. Bí eyín bá tó 7 nínú íńṣì kan, ó wà láàárín méjèèjì, ó sì bá iṣẹ́ ọdẹ mu.

Ẹ tún wo ibi tí eyín kọjú sí. Ayùn kafíńtà wa ń gé nígbà tí a bá tì í síwájú. Ayùn Japan, irú Silky, ń gé nígbà tí a bá fà á sọ́dọ̀ ara wa. Nítorí pé fífà kì í jẹ́ kí irin wọ́, irin rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, ó sì ń gé kíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára ti irú ayùn bẹ́ẹ̀ síwájú yóò ṣẹ́ ẹ. Kí ẹni tó rà á kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fi lé e lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń ká, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ mì í. Bí irin rẹ̀ bá ń mì lọ mì bọ̀, ẹ dá a padà. Kí ìkọ́ rẹ̀ dì í mú nígbà tí a bá ṣí i àti nígbà tí a bá ká a. Ayùn tó bá ká lé ìka lójijì burú ju àdá lọ. Ẹ wo ṣóńṣó eyín náà pẹ̀lú. Bí ó bá dúdú bí ohun tí iná rà, a ti fi iná mú un le. Fáìlì kò ní í jẹ ẹ́, àfi kí a ra irin mìíràn bí ó bá kú. Ayùn tí a lè fi fáìlì onígun mẹ́ta pọ́n sàn fún ẹni tí ọjà rẹ̀ jìnnà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká tuntun, kí ó má bọkàn jẹ́. Bí ayùn kafíńtà àtijọ́ bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ irin gé iwájú rẹ̀ kúrò, kí ó ku íńṣì 10 láti èèkù. Ayùn tí a fi ń gé irin ni kí ó fi gé e, kí ó máa da omi sí i. Kí ó má ṣe kì í bọ iná, nítorí iná yóò mú líle rẹ̀ kúrò, eyín kò sì ní í mú mọ́. Kí a wá fi fáìlì yí igun rẹ̀ ká, kí ó má bàa gún àpò.

Èyíkéyìí tí a bá ní, ohun mẹ́ta ni kí a ṣe sí i. Èkíní, kí a gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí a wé e mọ́ èèkù, kí ọwọ́ tó lóòógùn má bàa yọ̀. Kí a kun ìdí èèkù náà ní ọ̀dà pupa, kí ewé má bàa gbé e mì. Èkejì, kí a la ọ̀pá rọ́bà omi ní gígùn, kí a kì í bọ eyín, lẹ́yìn náà kí a rán àkọ̀ aláwọ lé e. Àwọn Hausa oníṣẹ́ awọ Kánò àti Zaria mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ̀kẹta, kí a so okùn mọ́ èèkù, kí a sì so ìdí okùn náà mọ́ bẹ́líìtì nígbà tí a bá wà lórí igi, kí ayùn má bàa já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kí ìbọn wà nílẹ̀, kí ọta ti kúrò nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ayùn.

Ní ti egungun, kí a má fi ayùn igi gé ẹran. Oje igi yóò ba ẹran jẹ́, ọ̀rá ẹran yóò sì dí eyín ayùn. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí orí òkè fún ọjọ́ púpọ̀ ní ayùn kan tí wọ́n ń pè ní Wyoming Saw. Ó ń tú sí wẹ́wẹ́ sínú àkọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ní irin méjì, ọ̀kan fún igi, ọ̀kan fún egungun. Fún ẹtu àti ọ̀yà, ọ̀bẹ ní oríkèé tó. Ẹran tí a bá bá ní òkú nínú igbó, kí a má ṣe kùn ún rárá. Ní oṣù July ọdún 2023, a rí àrùn áńtíráàsì lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì wúwo jù. Ayùn máa ń mú kí igi gígé rọrùn, ọwọ́ tó bá rọrùn fún a sì máa ṣi iṣẹ́ ṣe. Igi òrí àti igi irú tó wà nínú pápá kì í ṣe igi igbó lásán. Wọ́n ní olówó, òun ni àwọn obìnrin ìletò ń ṣà tà. Ọdẹ kan tó bá gé ọ̀kan ṣe pẹpẹ lè ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ ní ìletò náà, tí baálẹ̀ kò fi ní í gba ọmọ Yorùbá sílé mọ́. Kí ọdẹ kí baálẹ̀ kí ó tó wọ igbó, kí ó sì béèrè igi tó lè gé. Igbó ìjọba bíi Kainji Lake National Park, ẹ jìnnà sí i pátápátá. Òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ fi kẹrosíìnì nu oje kúrò lára irin, ẹ gbẹ ẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ kùn ún, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní í fẹ́nìkan jẹ. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó dín ìyà kù fún ara rẹ̀ ni yóò padà wálé pín ẹran náà. Ẹ̀yin ọdẹ wa, àrìnpa o! Ó dìgbà kan ná.