Òjò Ilé àti Òjò Àjò

Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kánò kọ̀wé sí wa pé láti ìgbà tí òun ti fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ọkàn òun kò balẹ̀. Ọyẹ́ ń bẹ́ àwọn ọmọ òun ní ètè, àárò ilé ń sọ òun, ẹrù òun sì wà nínú àpótí títí di òní.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Láti 1912, tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, ni ọ̀pọ̀ ará wa ti ń lọ tẹ̀dó sí Sabon Gari, àwa pẹ̀lú sì ti gbé ibẹ̀ rí. Ní ọdún wa kìn-ín-ní, òjò kan ṣoṣo rọ̀ ní oṣù Kẹrin. A yọ̀, a ní àkọ́rọ̀ dé, a sì gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Háúsá kan, aládùúgbò wa, wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òjò kò tíì dé, èyí kàn yà kí wa ni." A kò gbọ́. Àgbàdo náà hù, oòrùn sì jó o gbẹ. Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹfà, bàbá náà fúnra rẹ̀ bu irúgbìn wá fún wa.

Nígbà náà ni ó yé wa pé ilẹ̀ náà kò kọ̀ wá. Àwa ni a ń fi oṣù ilé ka oṣù àjò. Òjò ilé a máa ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Ti Kánò, ẹ̀ẹ̀kan ni lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án. Ọyẹ́ tí í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta, onílé ni níbẹ̀.

Nítorí náà, ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ máa fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lálaalẹ́, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn bò wọ́n, kí ẹ sì bo àmù nítorí eruku. Ẹ má ṣe kó wọn jọ sínú yàrá tí a sé fèrèsé rẹ̀ pa, nítorí yírùnyírùn a máa jà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi àwọn aládùúgbò. Abèèrè kì í ṣìnà.

A kò wí pé kí ẹ gbàgbé ilé. Ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ bí Olúmọ ti rí lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ẹ tú ẹrù yín. Àgbàdo wa kejì gbó kí òjò tó dá. A sun ún, bàbá náà ni ó sì kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.